Bí iná bá dé ní Bódìjà, lẹ́tà á tán ní Dùgbẹ̀

Ọ̀gá kan tó ń ṣe ìṣirò owó fáwọn oníṣòwò n'Ìbàdàn ní ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀, Bódìjà nilé rẹ̀ wà. Àwọn oníbàárà á ní àwọn ti fi ímeèlì ránṣẹ́, ọ̀gá á wò ó títí, kò ní rí nǹkan kan. Ó gbójú mọ́ akọ̀wé rẹ̀.

Akọ̀wé ní, "Ẹ má bínú sà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ní kò síná nílé yín ni lẹ́tà máa ń wọlé bí òjò níbí."

"Kí ló pa iná Bódìjà àti ímeèlì Dùgbẹ̀ pọ̀?"

POP3, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ímeèlì, ló pa wọ́n pọ̀. Òun ni wọ́n fi ṣètò ímeèlì sórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, bí wọ́n sì ṣe tò ó, ṣe ló máa ń lọ kó lẹ́tà lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ímeèlì tí lẹ́tà kọ́kọ́ ń dé sí, á sì pa èyí tó kù lọ́hùn-ún rẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín. Iná á dé, ọmọ ọ̀gá á tan kọ̀ǹpútà ilé kó lè gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù, Outlook, ètò tí wọ́n fi ń ka ímeèlì, tó ń ṣí fúnra rẹ̀ á bá a jí, á sì gbá gbogbo lẹ́tà wọlé. Ọmọ ò mọ̀, góòlù lòun ń wá.

Ẹnì kan bá wọn máàkì "Leave a copy of messages on the server". Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn yanjú. Lẹ́tà dé ibi méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ka ọ̀kan ṣoṣo, èsì tí wọ́n bá sì kọ, orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti kọ ọ́ ni ẹ̀dà rẹ̀ ń dúró sí. Ọ̀gá pe iye kan fún oníbàárà lálẹ́ nílé, akọ̀wé pe iye mìíràn láàárọ̀. Oníbàárà mú èyí tó kéré.

IMAP, ọ̀nà míì láti gba ímeèlì, loògùn rẹ̀: níbi ètò àkáǹtì, port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) 993 pẹ̀lú SSL/TLS tó ń dáàbò bo lẹ́tà láti gbà á, 587 pẹ̀lú STARTTLS (ààbò lòun náà) láti fi ránṣẹ́. Orí server ni gbogbo rẹ̀ ń gbé, ibi méjèèjì kàn ń wò ó ni. Ẹ má kánjú yọ POP kúrò o, inú fáìlì .pst, àpótí tí Outlook ń kó lẹ́tà sí, lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan làwọn lẹ́tà àtijọ́ wà. Ẹ ti Outlook pa, ẹ da fáìlì náà kọ sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ tó fi àkáǹtì IMAP kún un. Ẹ wá máa ṣe ẹ̀dà lẹ́tà láti fódà POP sí ti IMAP. Ẹ̀dà ni mo wí, ẹ má gbé wọn kúrò pátápátá, nítorí iná lè lọ láàárín méjì. Ó ń jẹ dátà, ẹ sì wo àyè tó kù lórí server kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é nílé, ẹ ṣe é ní ọ́fíìsì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kìlọ̀ fọ́mọ: lẹ́tà tó bá parẹ́ nílé ti parẹ́ ní Dùgbẹ̀ náà nìyẹn.

Nígbà tí lẹ́tà Bódìjà jáde sí Dùgbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn wá látọ̀dọ̀ akọ̀wé fúnra rẹ̀: ó ń tọrọ àyè ọjọ́ méjì. Ọ̀gá sì ti gé owó ọjọ́ méjì yẹn nínú owó oṣù rẹ̀, pé kò tọrọ àyè. Ọ̀gá ní kó má bínú, òun á fi ìwé owó náà ránṣẹ́ sí i lórí ímeèlì.

"Ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú fi lé mi lọ́wọ́."