Faransé orí fóònù ní Tánkè

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo yà sí ọ̀dọ̀ àbúrò mi kan tí ó ń kọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì Ìlọrin, ní ilé tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà sí Tánkè. Iná kò sí, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó ti fóònù wọn, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn tí RFI, ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé, máa ń kà ní Faransé tí ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì máa ń wà ní kíkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni bí àbúrò mi ṣe ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Fáwẹ̀lì inú "tu" ti Faransé (ìwọ) kò sí nínú Yorùbá; ẹni tí ó bá fi "u" tiwa pè é, "tout" (gbogbo) ni Faransé yóò gbọ́. Ó sún ètè jọ bí ẹni tí ó fẹ́ súfèé, ó fi ahọ́n sí ibi tí a ti ń pe "i", ó pè é, ó gbọ́ tirẹ̀, ó gbọ́ ti oníròyìn, ó tún un pè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ èyí ná!"

Kò sí olùkọ́ tí ó yan iṣẹ́ yìí fún un. Inú Anki, áàpù tí a fi ń há ọ̀rọ̀ sórí, ni ó ń kó ọ̀rọ̀ tuntun sí, nítorí pé kì í pẹ́ dá èyí tí ènìyàn gbàgbé padà. Mo gbà pé olùkọ́ ṣì ṣe pàtàkì (ta ni yóò bá a tún gírámà ṣe?), ṣùgbọ́n inú mi dùn gidigidi sí ìtara yìí. Dátà ni ìṣòro wọn. Ẹnì kan á gba ìròyìn náà sílẹ̀, á sì pín in fún àwọn yòókù.