Àyẹ̀wò ọdún mi: bẹ́ríǹgì àlòkù àti afẹ́fẹ́ Àgbádárìgì

Nínú gbogbo ohun tí mo dáwọ́ lé lọ́dún yìí, ọ̀kan ló gbà mí lọ́kàn jù: ẹ̀rọ abẹ̀bẹ̀ tó wà lórí òpó lẹ́yìnkùlé wa, tí afẹ́fẹ́ òkun ń yí, tó ń gba iná sínú bátìrì.

Oṣù kejì ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo rí tírélà kékeré kan lọ́dọ̀ bàbá onírin àlòkù, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi lọ sétí ọ̀sà. Táyà ti lọ, ìpẹtà ti jẹ irin rẹ̀. Kí n tó yọ owó, bàbá ní, “Ọmọ mi, má fojú ra irin. Fọwọ́ yí i ná.” Mo yí họ́ọ̀bù ti ọwọ́ òsì, ìyẹn irin àárín tí wọ́n ń de táyà mọ́, ó yí wẹ́rẹ́. Ti ọwọ́ ọ̀tún ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ gààrí tó ní yanrìn. Omi oníyọ̀ ti wọ ibẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń wá họ́ọ̀bù tírélà ni pé bẹ́ríǹgì méjì ló wà nínú ọ̀kan, kékeré lápá ìta, ńlá lápá inú. Ẹnu kan rólà wọn, ìyẹn àwọn irin kéékèèké tó ń yí nínú bẹ́ríǹgì, fẹ̀ ju ìkejì lọ, àwọn méjèèjì sì kọjú síra wọn. Wọ́n ń gba ẹrù tó bá tẹ̀ wọ́n látòkè, wọ́n sì ń gba èyí tó bá tì wọ́n láti iwájú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń ṣe abẹ̀bẹ̀: bó ti ń yí i, bẹ́ẹ̀ ló ń tì í sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́ tẹ́lẹ̀ ni mo de àwo irin tí òòfà wà lára rẹ̀ mọ́, èyí tó ń mú iná wá bó bá ń yí.

Mo fi kẹrosíìnì fọ bẹ́ríǹgì ọwọ́ òsì, mo gbé e sí oòrùn, mo wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ooru bá ti bà jẹ́ máa ń ní àwọ̀ búlúù. Èyí tó ti gbó máa ń ní ihò wínníwínní bí ojú ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá jà. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Inú mi dùn dé ilé.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ náà sókè ní oṣù karùn-ún, afẹ́fẹ́ àárọ̀ kò lè yí i. Rọ́bà ìdènà tó wà lẹ́yìn họ́ọ̀bù ló fún mọ́ irin, gíríìsì tírélà sì ki jù. Mo bá yọ rọ́bà náà sọnù, mo nu gíríìsì kúrò, mo ta epo ẹ́ńjìnì díẹ̀ sí i. Bí èèyàn bá fẹ́ ẹ lẹ́nu lásán, yóò yí. Àfi ìgbà tí òjò dé. Ní oṣù keje ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, epo inú rẹ̀ ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Rólà mẹ́ta lára bẹ́ríǹgì ńlá ti dógùn-ún. Ó dùn mí wọra, nítorí ohun tí tírélà lò fún ọdún púpọ̀ tí kò bàjẹ́, oṣù méjì péré ni mo fi bà á jẹ́.

Mo kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ lọ sọ́jà, mo ra tuntun, pẹ̀lú òrùka ìta tó ń yí nínú rẹ̀, torí àwọn méjèèjì jọ ń gbó ni. Mo ra rọ́bà ìdènà mìíràn, ṣùgbọ́n mo yọ sípíríǹgì tín-ín-rín tó fún un mọ́ irin kúrò. Mo fi gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, kò kún, mo sì gé ike ọ̀dà ṣe fìlà òjò fún un.

Abẹ̀bẹ̀ mi fẹ̀ tó mítà 1.8 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Nígbà tí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́ ní mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń mú nǹkan bíi wáàtì 30 wá. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́jọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dúró de ìrọ̀lẹ́ bí olólùfẹ́. Gílóòbù mẹ́ta àti fóònù àwọn oníbàárà ni bátìrì náà ń gbé ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi. Kì í tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ mọ́.

Ní Sátidé tó kọjá mo gun òpó, mo ṣí fìlà náà, mo fi ìka kó gíríìsì díẹ̀. Ó ṣì pọ́n bí oyin.