Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí A Ń Kọ Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Wa Àgbà

Ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ bá já lé lọ́wọ́ láti kọ ìtàn ìyá tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sin Ọlọ́run, mo rọ̀ ọ́ kí ó kọ́kọ́ gbé àwọn gbólóhùn tó ti wà nílẹ̀ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan: "abẹ̀rù Ọlọ́run ni," "ìyá rere ni," "aláàdúrà ni." Òótọ́ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n a lè kọ wọ́n sínú ìwé ètò ìsìnkú ìyá mìíràn láì yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà. Nígbà tí Ìyá wa àgbà pa ipò dà ní Abẹ́òkúta, tí ẹbí sì ní kí n kọ ìtàn wọn, mo kọ́ ọ pé inú ohun tí wọ́n ṣe, ibi tí wọ́n ti ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é fún ni ìgbàgbọ́ wọn wà. Ibẹ̀ ni kí a ti lọ wá a.

Bíbélì wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá ìgbà náà, ojú ìwé òfìfo tó wà níwájú àti lẹ́yìn Bíbélì ni wọ́n ń kọ ìtàn ilé sí. Pẹ́ńsù ni Ìyá fi kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn, ọjọ́ tí wọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí ó ṣe ìrìbọmi. Láàárín orúkọ bàbá mi àti ti àbúrò wọn obìnrin, a bá orúkọ ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà kékeré kan, àti "Jóòbù 1:21," ẹsẹ tó sọ pé Olúwa fi fúnni, Olúwa sì gbà lọ. Àbúrò Ìyá tó ṣì wà láyé ló sọ fún wa pé ibà ló mú ọmọ náà lọ kí ó tó mọ ẹsẹ̀ gbé, àti pé ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ìyá wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì jókòó sí àyè wọn nínú ìjọ.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a má kọ ọ́, nítorí a kì í ka òfò ọmọ níbi ayẹyẹ àgbà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n mo takú pé kí ó wọlé. Ìyá fúnra wọn ló kọ orúkọ náà, tí wọ́n sì pa á mọ́; ìtàn tó bá fo ọmọ náà kò lè sọ bí ìgbàgbọ́ Ìyá ṣe lágbára tó.

Ẹ tún jáde kúrò nílé. Aláró ni Ìyá, ní Ìtòkú, níbi tí àwọn aládìrẹ pọ̀ sí. Bí mo ṣe bi àwọn ará ọjà pé, "Irú ènìyàn wo ni wọ́n?", ìyìn nìkan ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n pé, "Kí ni wọ́n ṣe fún yín?", ọ̀rọ̀ dé. Ọ̀pọ̀ aláró láyé àtijọ́ a máa bọ Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, kí aró má baà kọ̀. Sáàmù 127 ni Ìyá máa ń kà kí wọ́n tó ṣí ìkòkò tiwọn, síbẹ̀ wọn kì í fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú àwọn tó ń bọ̀rìṣà. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá arúgbó tí kò tíì tẹ ẹsẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí, sọ fún mi pé: "Bí aró mi bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá yín ni mo ti ń bu omi eérú, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà.

Àwa ará Abẹ́òkúta ní àpẹẹrẹ ohun tí kíkọ ìtàn sílẹ̀ lè ṣe lójú wa. Ọdún 1821 ni ogun kó ìlú Òṣoògùn, tí ó sì ya Ajàyí, ẹni tó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther lẹ́yìn ọ̀la, kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Afala. Ọdún 1846 ni wọ́n tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, ìyá náà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi nílùú náà, ní 1848, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Torí pé ọmọ rẹ̀ mú gègé tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ la ṣe mọ̀ ọ́n títí dòní. Àwọn ìyá mìíràn tí wọ́n jọ ṣe ìrìbọmi lásìkò yẹn, mélòó nínú wọn la lè dárúkọ?

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ má ṣe fi ọdún kún un kí ó lè dùn ún gbọ́. Ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbọ́wọ́lé àti ìwé ìgbéyàwó máa ń wà lọ́dọ̀ ìjọ. Ẹ tètè lọ bá akọ̀wé ìjọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ìwé àtijọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá láàárín ìṣẹ́jú. Ẹ wo káàdì kíláàsì, èyí tí ìjọ ń kọ owó tí ọmọ ìjọ san sí, pẹ̀lú. Bí ọjọ́ ìbí kò bá sí níbì kankan, ẹ kọ ohun tí ìyá bá sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà tí wọ́n bí i.

Bí ìyá tiyín bá ṣì wà láàyè, ẹ jókòó tì wọ́n lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ orin tí wọ́n mọ̀ sórí, kí ẹ bi wọ́n ẹni tó kọ́ wọn, nítorí ìdáhùn ìbéèrè yìí a máa fa ìtàn ilé mìíràn jáde. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé Bíbélì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn tí pẹ́ńsù ti ń pa rẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí olúkúlùkù ọmọ, kí ẹ fi ọ̀kan sọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ.