Káàdì Àtẹ́lẹwọ́ fún Ọjọ́ Olólùfẹ́

Nínú ẹ̀bùn tí ọmọdé lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe de 14 oṣù Èrèlé, èyí ló wù mí jù. Ẹ ṣẹ́ bébà líle po sí méjì. Kí ọmọ tẹ́ ọwọ́ lé e, kí orí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kan etí ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ po. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí ọwọ́ náà ká, kí ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e. Ẹ má gé orí ìka méjì yẹn o! Ibẹ̀ ló so ó pọ̀. Bí ẹ bá gé e, káàdì já sí méjì nìyẹn. Tí ẹ bá ṣí i, àlàfo àárín á yọ bí àwòrán ọkàn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà pupa. Gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó. Tó bá pọ̀, bébà á rin, á hunjọ.