Bí ìtọ̀ wákàtí 24 ṣe ń fi iye iyọ̀ tí a ń jẹ hàn

Kò sí ẹni tó lè fẹnu sọ iye iyọ̀ tó jẹ lánàá. Ó wà nínú ọbẹ̀, ó wà nínú Maggi tí wọ́n rún sí ọbẹ̀ náà, ó wà nínú búrẹ́dì, nínú Indomie, nínú ẹja gbígbẹ. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo ilé sì ti ń bu ọbẹ̀. Bí olùwádìí bá béèrè, onítọ̀hún á kàn méfò ni, ẹni tí dókítà sì ti kìlọ̀ iyọ̀ fún lè dín in kù lẹ́nu. Ìtọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, tí a bá jẹ, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ló ń bá ìtọ̀ jáde. Ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ ìwádìí INTERSALT, tó jáde lọ́dún 1988, fi wọn iyọ̀ àwọn èèyàn 10,079 ní orílẹ̀-èdè 32. Àwọn Yanomami inú igbó Brazil ni sódíọ̀mù wọn kéré jù, àwọn ará àríwá Ṣáínà ni tiwọn pọ̀ jù.

Kẹ́ẹ̀gì mímọ́ kan tó gba lítà mẹ́ta lẹ máa wá, àti ike kékeré onídèérí fún ìgbà tí ẹ bá jáde nílé. Bí ẹ bá jí, ẹ tọ ìtọ̀ àkọ́kọ́ dànù, ẹ kọ aago sílẹ̀, ká ní aago méje. Ti àná nìyẹn. Láti ìgbà náà, ìtọ̀ ọ̀sán, ìtọ̀ òru, inú kẹ́ẹ̀gì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fi ìyẹn kún un. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀ sínú ike kí ẹ tó yàgbẹ́, torí ìtọ̀ tó bá bá ìgbẹ́ jáde kò ṣeé kó mọ́. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, kó sún un síwájú. Inú fíríìjì tàbí kúlà oníyìnyín ni kẹ́ẹ̀gì ń gbé. Bí wọ́n bá fẹ́ wá purotéènì níbẹ̀, láàbù lè ti fi boric acid sínú rẹ̀ kí kòkòrò àìfojúrí má bàa ba ìtọ̀ jẹ́; ẹ má ṣe ṣan án dànù.

Lójú tèmi, ìwé tí a kọ aago sí ṣe pàtàkì bíi kẹ́ẹ̀gì gan-an. Bó bá jẹ́ wákàtí 22 ni ẹni náà gbà, a lè pín èsì sí 22 ká sì sọ ọ́ di ìlọ́po 24. Bí kò bá kọ aago, kò sí àtúnṣe.

Ní láàbù, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn gbogbo ìtọ̀ náà, kí wọ́n sì mì í dáadáa kí wọ́n tó bù nínú rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ lítà 1.5, wọ́n sì rí sódíọ̀mù 90 mmol (òṣùwọ̀n láàbù; mmol sódíọ̀mù kan jẹ́ mílígíráàmù 23) nínú lítà kan: àpapọ̀ jẹ́ 135 mmol. Ìlọ́po 23 ìyẹn jẹ́ sódíọ̀mù mílígíráàmù 3,105, ìlọ́po 2.54 rẹ̀, tó ń sọ sódíọ̀mù di iyọ̀, jẹ́ iyọ̀ gíráàmù 7.9. Ẹ wá pín in sí 0.9 nítorí èyí tí kò bá ìtọ̀ jáde, ó di nǹkan bí gíráàmù 8.8. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ìtọ̀ tí kò pé. Láti mọ̀ bóyá ó pé, àwọn olùwádìí máa ń fún èèyàn ní oògùn PABA mílígíráàmù 80 lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú oúnjẹ, torí kì í pẹ́ bá ìtọ̀ jáde. Bí PABA tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ kò bá tó ìdá 85 nínú 100, ìtọ̀ ti sọnù. Bó bá kọjá 110, wọ́n ti gbà ju ọjọ́ kan lọ. Ẹni tó bá lo parasítámọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, kó sọ fún wọn, nítorí ó ń da ọ̀nà àyẹ̀wò tó ń lo àwọ̀ rú. Òógùn náà wà níbẹ̀: ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti àárọ̀ ti bá òógùn pàdánù iyọ̀ púpọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á sì fi hàn bí ẹni tí kì í jẹ iyọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ léraléra náà lè yí i padà.

Ọjọ́ kan kì í ṣe ìṣe ẹni. Ìtọ̀ ọjọ́ òwàm̀bẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọjọ́ Tuesday. Bó bá jẹ́ ìpíndọ́gba ìlú kan là ń wá, ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó. Bó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹ gbà á lọ́pọ̀ ìgbà, kí òpin ọ̀sẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Àwọn àmì mìíràn wà nínú ara tó ń fi oúnjẹ mìíràn hàn, àmọ́ ẹ má ṣe gbé ti Yúróòpù wá síbí bẹ́ẹ̀. Lọ́hùn-ún, kárótíìnì (èròjà aláwọ̀ inú ewéko) tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso. Lọ́dọ̀ wa, epo pupa kún fún kárótíìnì, nítorí náà ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹ̀fọ́ láti oṣù kan lè ní in rẹpẹtẹ. Lutein, èròjà aláwọ̀ mìíràn, dára ju ìyẹn lọ fún ẹ̀fọ́, torí ewé tútù ló kún inú rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nínú epo pupa. Èròjà alkylresorcinol tí wọ́n fi ń wá ọkà tí wọn ò bó èèpo rẹ̀, inú èèpo àlìkámà àti rye (ọkà kan tó jọ àlìkámà) ló wà jù. Kò ní fi ẹ̀kọ àgbàdo hàn. Ní ti ọ̀rá ẹja, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ wò: nǹkan bí ọjọ́ 120 ló ń lò láyé, ó sì ń sọ ti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn, níbi tí ìtọ̀ ti ń sọ ti àná.