Ta ló ń pa iná ilé wa láràárọ̀?

Iná ló gbé Mọ́mì lára fíríìjì, ni Dádì bá ní àwọn ò ṣeré mọ́, wọ́n pe rìwáyà kó lọ bá wa ra bírékà tó máa ń já fúnra ẹ̀ tí iná bá ń jò, èyí tí wọ́n kọ 30mA sí lára, ní Kútọ̀. Ó rà á lóòótọ́, ó dè é mọ́ bọ́ọ̀dù, ó ní ó ku éàtì, ọ̀pá irin tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ kí iná tó bá jò lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ẹni tó fẹ́ ri éàtì mọ́lẹ̀ ní Abẹ́òkúta o! Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kò tíì wọlẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún tó fi bá àpáta pàdé, ó gbá a gbá a, hámà ń ta padà sí i, nígbà tó sú u ó fi ayùn gé ìyókù, ó wa yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó ní "Dádì, ó ti wọlẹ̀ dáadáa sà." Mo ń wò ó lójú fèrèsé.

Àtìgbà yẹn ni wàhálà dé. Tó bá ti di bí aago 5 ìdájí, gbàà! bírékà já, ilé ṣókùnkùn. Dádì á bọ́ síta tàwọn ti ṣòkòtò péńpé, wọ́n á máa bú NEPA, àfìgbà tí wọ́n bá rí i pé gílóòbù àwọn ará ọ̀ọ́kán ń tàn wòò, ìyẹn ló sì máa ń dùn wọ́n jù. Mọ́mì ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n lọ wọ́n omi àdúrà sídìí bọ́ọ̀dù (omi o! sídìí bọ́ọ̀dù!). Rìwáyà ní bírékà yẹn ò dáa, kí òun yọ ọ́ kóun fún wa ní dàírẹ́ẹ̀tì, kí iná máa wọlé láìgba inú ẹ̀ kọjá. Mo ní kò jọ ọ́.

Torí nǹkan yẹn kì í já lásán. Iná tó bá wọlé ló ń bá èyí tó ń padà wé, tí wọn ò bá ti dọ́gba, a jẹ́ pé díẹ̀ ti gba ibòmíì lọ, bóyá ara èèyàn, ló bá já, kò tiẹ̀ bìkítà bóyá éàtì wọlẹ̀ tàbí wọ́n fi ayùn gé e. Mo gbé gbogbo bírékà kéékèèké wálẹ̀, mo gbé ti ńlá sókè, mo wá ń gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: pálọ̀, ó dúró, kíṣìnnì, tòun ti fíríìjì ẹlẹ́jọ́ yẹn, ó dúró, rúùmù ẹ̀yìn, ó dúró. Ọ̀sán nìyẹn ṣá. Mo ní ó dáa, màá ṣọ́ ọ.

Ìdájí, mo jókòó sí kọ́rídọ̀, ẹ̀fọn ń jẹ mí. Gbàà! Bó ṣe já báyìí ni mo gbọ́ kọ̀ǹgọ̀ ní balùwẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ìyá àgbà yọ sí mi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní "Wọ́n ti tún mú iná lọ?"

"Màmá, kí lẹ mú dání?"

"Kí ni mo mú dání?"

Omi ń kán tó, tó, tó lábẹ́ ìró wọn. Hítà ni, ara ẹ̀ ti là, wáyà ti yọjú, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin ni wọ́n ń tì í bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù.

Dádì sáré dé. "Màámi! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Ikú kẹ̀? Oògùn làkúrègbé mi nìyẹn! Kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan yẹn kọ́ ògiri, tí mo bá ti tọwọ́ bomi báyìí, á ta mí gìrì láti ìka dé èjìká, gbogbo oríkèé á tú. Ẹ gbé e dé, orúnkún ò ká mọ́."

Dádì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mọ́mì sá lọ sí kíṣìnnì lọ rẹ́rìn-ín. Èmi mú páláyà, mo gé wáyà hítà náà sí wẹ́wẹ́.

Nírọ̀lẹ́ rìwáyà wá gba owó ẹ̀ tó kù. Ìgbà tó ń lọ ni mo rí i ní gétì, Ìyá àgbà ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń tú etí ìró níbi tí wọ́n ń kówó sí, "Ọmọ mi, dàírẹ́ẹ̀tì tó o sọ yẹn, èló lo máa gbà?"