Ohun Tí Káàdì Aboyún Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹ̀bí, èyí tó tètè máa ń sú ènìyàn jù nínú iṣẹ́ wa ni mo fẹ́ bá yín sọ: àyẹ̀wò aboyún. Ìgbẹ̀bí ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dù láti wò. N kò tíì rí ẹni tó ń du ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀.

Obìnrin tí ara rẹ̀ le gan-an ni àyẹ̀wò yìí wà fún. Ẹni tí nǹkan ń dùn á wá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Aboyún lè jókòó síwájú yín kó máa rẹ́rìn-ín, kí ìfúnpá rẹ̀ sì ti wà ní 150 lórí 100. Bó bá ti tó 140 lórí 90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, ẹ pe dókítà kó tó dìde níbẹ̀. Àìsàn yẹn ló ń yọrí sí gìrì bí a kò bá tètè mú un.

Nítorí náà, ẹ má fi ìfúnpá wíwọ̀n ṣeré. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá rẹ̀ sì wà ní ọ̀gangan ọkàn rẹ̀. Báńdì tí a ń wé mọ́ apá láti fi wọ̀n ọ́n, bó bá kéré ju apá lọ, yóò gbé nọ́ńbà sókè fún yín lásán. Ẹ má sì bá a tàkúrọ̀sọ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ níta, ẹni tó kàn sì ti ń yọjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn wọlé, tí ẹ wọ̀n ún lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà àtẹ̀gùn lẹ kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí káàdì rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹni tó wo nọ́ńbà òní nìkan, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́ tó fi dá a. 120 lórí 80 dára lójú ìwé. Bó bá jẹ́ pé 95 lórí 60 ló wà nígbà tí oyún kéré, tó di 105 lórí 70 lóṣù tó kọjá, ó ń gòkè bọ̀ nìyẹn, n kò sì ní fún un ní ọjọ́ oṣù tó ń bọ̀. Bákan náà ni gíga ilé ọmọ: láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, iye sẹ̀ǹtímítà máa ń sún mọ́ iye ọ̀sẹ̀. Èyí tó jẹ́ 28 ní ọ̀sẹ̀ 28, tó wá jẹ́ 29 péré ní ọ̀sẹ̀ 32, scan ló kàn.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí mímọ ọjọ́ orí oyún. Bí ó bá tètè wá, ẹ ó ka ọjọ́ 280 láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn, scan á sì tì yín lẹ́yìn. Ẹni tó wá ní oṣù keje, tí kò rántí ọjọ́ kankan, ta ni yóò sọ bóyá ọmọ kéré ni tàbí oyún ni kò tíì dàgbà? Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìbẹ̀wò láti 4 sí 8, èkíní láàárín ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, márùn-ún sì wà ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Èmi gbà pé ó tọ́, nítorí ìparí oyún ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọmọ tí kò dàgbà dáadáa sábà máa ń fara hàn.

Ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá ka èsì HIV, syphilis àti hepatitis B, ẹ̀jẹ̀ lásán la fà. Ẹni tí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ (hemoglobin) kò tó 11 g/dL, ẹ má bi í pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ yín?" "Bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò dáhùn. Ẹ bi í pé, "Báwo ló ṣe ń ṣe yín tí ẹ bá lò ó?" Ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́ pé ó ń rìn ín lọ́kàn, pé ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, tó sì le, pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún un pé dúdú yẹn kò léwu, kó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, kó má fi tíì gbé e mì.

Kó tó dìde, ẹ béèrè bí ọlẹ̀ ṣe ń sọ. Ẹ sọ fún un pé bí ìyẹn bá dínkù, tàbí orí ń fọ́ ọ gidigidi, tàbí ojú ń ṣú u, tàbí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde lójú ara, kó má dúró de ọjọ́ tí ẹ dá fún un. Nọ́ńbà tí yóò pè, iwájú káàdì ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kó hàn gbàgà, kí ẹni tó bá wà nílé lè rí i lóru.